Ìgbìmọ̀ Ètò Ẹ̀kọ́ Ìpínlẹ̀ Texas: Bí Wọ́n Ṣe Ń Tún Agbègbè Ìdìbò Rẹ̀ Pín

Ní ìpínlẹ̀ Texas lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ènìyàn 15 ló ń pinnu ohun tí ọmọ tó lé ní mílíọ̀nù 5 máa kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba. Ìdìbò ni wọ́n fi ń yàn wọ́n, ẹnì kan láti agbègbè kan. Ní ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá, lẹ́yìn ìkànìyàn, ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ náà á tún àwọn agbègbè wọ̀nyí pín. Ariwo tó máa ń sọ lórí ìjókòó àwọn aṣòfin ní Washington sábà máa ń bo ìpín yìí mọ́lẹ̀. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ibi tí ààlà bá gbà ló ń sọ irú ẹni tó máa wọlé, ẹni tó bá sì wọlé ló ń dìbò lórí ìwé tí ọmọ ń gbé lọ sí kíláàsì.

NÍ ṢÓKÍ

Iye ọmọ ìgbìmọ̀: 15
Sáà: ọdún 4, wọn kì í gba owó oṣù
Alága: gómìnà ló ń mú un láàárín àwọn ọmọ ìgbìmọ̀
Iye ènìyàn ní Texas, ìkànìyàn 2020: 29,145,505
Iye tó yẹ kó wà ní agbègbè kan: nǹkan bí 1,943,034
Òfin tó pín agbègbè tó wà lóde báyìí: Senate Bill 7, ọdún 2021
Ìpín tó kàn: lẹ́yìn ìkànìyàn ọdún 2030

IṢẸ́ TÍ ÌGBÌMỌ̀ Ń ṢE

Ìgbìmọ̀ yìí ló ń ṣe ìlànà ẹ̀kọ́ fún gbogbo kíláàsì, òun ló sì ń fọwọ́ sí àwọn ìwé àti ohun èlò ìkọ́ni. Bí ọ̀gá àgbà ètò ẹ̀kọ́ bá fẹ́ fún àwọn kan láṣẹ láti dá ilé ẹ̀kọ́ charter sílẹ̀ (ilé ẹ̀kọ́ tí owó ìjọba ń gbé ró ṣùgbọ́n tí àjọ aládàáni ń darí), ìgbìmọ̀ lè ní kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀. Ó tún ní ojúṣe lórí àpò owó ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní Permanent School Fund. Mílíọ̀nù 2 dọ́là ni wọ́n fi dá àpò náà sílẹ̀ lọ́dún 1854. Lónìí, ohun tó wà nínú rẹ̀ ti lé ní bílíọ̀nù 50 dọ́là.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìjókòó kan ṣoṣo ṣe wúwo tó, kó wo ọjọ́ 22 oṣù kọkànlá ọdún 2024. Lọ́jọ́ náà, ìgbìmọ̀ dìbò lórí Bluebonnet Learning, ìyẹn àwọn ẹ̀kọ́ ìwé kíkà fún ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fa ìtàn inú Bíbélì sínú rẹ̀. Ẹni 8 ní kó wọlé, ẹni 7 ní kó má wọlé. Wọn kò fi dandan mú ilé ẹ̀kọ́ kankan láti lò ó, ṣùgbọ́n owó wà fún èyí tó bá gbà á. Ká ní ẹnì kan péré nínú àwọn 8 náà dìbò sí òdì kejì ni, ọ̀rọ̀ ì bá yí padà fún gbogbo ìpínlẹ̀.

BÍ WỌ́N ṢE BÁ Á DÉBÍ

1949: Òfin Gilmer-Aikin dá ìgbìmọ̀ tí ará ìlú ń dìbò yàn sílẹ̀. Ọmọ ìgbìmọ̀ jẹ́ 21, wọ́n sì ń lo agbègbè ìdìbò àwọn aṣòfin tó ń lọ sí Washington. Bí ìjókòó Texas ní Washington ti ń pọ̀ sí i ni ọmọ ìgbìmọ̀ náà ń pọ̀ sí i, títí wọ́n fi di 27.
1984: Lẹ́yìn ìwádìí tí ìgbìmọ̀ kan tí oníṣòwò nì, Ross Perot, ṣe alága rẹ̀ ṣe, òfin House Bill 72 tú ìgbìmọ̀ 27 náà ká. Ẹni 15 tí gómìnà yàn ló rọ́pò wọn.
1987: Wọ́n bi àwọn ará ìlú léèrè bóyá kí yíyàn látọwọ́ gómìnà máa bá a lọ. Wọ́n ní rárá, àwọn fúnra àwọn làwọn máa dìbò yàn wọ́n.
1988: Ìdìbò padà dé. Ọmọ ìgbìmọ̀ dúró sí 15, agbègbè tiwọn sì dá dúró láti ìgbà náà.

BÍ WỌ́N ṢE Ń FA ÀÀLÀ

Agbègbè tó ń yan aṣòfin kan lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣojú ní Washington kó ènìyàn 766,987 mọ́ra ní Texas. Ti sẹ́nétọ̀ ìpínlẹ̀ jẹ́ 940,178. Ti ìgbìmọ̀ ètò ẹ̀kọ́ ju ìlọ́po méjì èyíkéyìí nínú wọn lọ. Fífẹ̀ yìí ló fà á tí ọ̀pọ̀ òbí kò fi mọ orúkọ ẹni tó ń ṣojú wọn, tí olùdíje náà kò sì lè kan ilẹ̀kùn gbogbo wọn tán.

Káúntì 254 ló wà ní Texas, wọn kò sì dọ́gba. Ìkànìyàn 2020 ka ènìyàn 64 péré ní Loving, níhà ìwọ̀ oòrùn. Ní Harris, níbi tí ìlú Houston wà, ó ka 4,731,145. Harris nìkan ju agbègbè méjì lọ, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ gé e, ó kéré tán, sí mẹ́ta. El Paso ní tirẹ̀ ní 865,657. Kò tó ìdajì agbègbè kan, bẹ́ẹ̀ Mexico àti New Mexico ló múlé tì í, tí aṣálẹ̀ sì tẹ́ rẹrẹ sí ìyókù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kó tó lè pé, wọ́n ní láti wá ènìyàn tó lé ní mílíọ̀nù kan kún un láti àwọn káúntì tó jìnnà réré. Ọmọ ìgbìmọ̀ tó bá wá láti ibẹ̀ ń gbẹnu sọ fún ará ìlú ńlá àti darandaran tó wà ní ìrìn wákàtí púpọ̀ síra wọn.

Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń fa ààlà náà. Ọ́fíìsì tó ń ran ilé aṣòfin lọ́wọ́, Texas Legislative Council, ní ètò kan tó ń jẹ́ RedAppl. Tí wọ́n bá gbé igun kékeré kan láti agbègbè kan sí èkejì, lójú ẹsẹ̀ ni iye ènìyàn, ẹ̀yà tí wọ́n jẹ́ àti bí wọ́n ṣe dìbò sẹ́yìn á yí padà lójú kọ̀ǹpútà. Àbá kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ti ìgbìmọ̀ ètò ẹ̀kọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú PLANE. PLANE2106 ló di òfin lọ́dún 2021.

OHUN TÍ ÒFIN SỌ

Lọ́dún 1964, nínú ẹjọ́ Reynolds pẹ̀lú Sims láti Alabama, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà pàṣẹ pé ìbò ẹnì kan kò gbọdọ̀ wúwo ju ti ẹnì kejì lọ. Lọ́dún 1970, ẹjọ́ Hadley láti Kansas City ní Missouri mú àṣẹ yìí dé ọ̀dọ̀ àwọn alákòóso ẹ̀kọ́. Níbẹ̀, apá kan tó kó nǹkan bí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n kà ń yan 3 péré nínú alákòóso 6 fún kọ́lẹ́ẹ̀jì kan. Ilé ẹjọ́ ní kò tọ́: bí ìjọba bá ti lè ní ìdìbò làwọn máa fi yàn wọ́n, ìbò gbọ́dọ̀ dọ́gba.

Òfin Ẹ̀tọ́ Ìdìbò ti ọdún 1965 sì kọ̀ pé kí wọ́n fa ààlà lọ́nà tó máa sọ ìbò aláwọ̀ dúdú tàbí Látínò di yẹpẹrẹ. Látọdún 1975, Texas gbọ́dọ̀ gba àṣẹ ìjọba àpapọ̀ kó tó lo ìpín tuntun. Ẹjọ́ Shelby County lọ́dún 2013 fòpin sí gbígba àṣẹ yẹn. Nítorí náà, ìpín ọdún 2021 ni àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ìkànìyàn láìsí ẹni tó kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó bá rò pé wọ́n rẹ́ òun jẹ, ilé ẹjọ́ ló kù fún un.

ÌPÍN ỌDÚN 2021

Àjàkálẹ̀ àrùn kòrónà dá ìkànìyàn dúró, oṣù kẹjọ ọdún 2021 ni ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ èsì tó tẹ àwọn ìpínlẹ̀ lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹsàn-án, ilé aṣòfin bẹ̀rẹ̀ ìjókòó àkànṣe tí gómìnà Greg Abbott pè. Ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá ni Abbott fọwọ́ sí òfin ìpín náà. Ènìyàn tó kún Texas láàárín ọdún mẹ́wàá náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 4, ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún wọn kì í sì í ṣe aláwọ̀ funfun. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń retí pé ohùn àwọn wọ̀nyí á túbọ̀ dún nínú ìgbìmọ̀.

Gbogbo ìjókòó 15 ló wọ ìdìbò ní oṣù kọkànlá ọdún 2022. Kó tó dìgbà náà, ẹgbẹ́ òṣèlú Republican ní 9, ẹgbẹ́ Democrat ní 6. Lẹ́yìn rẹ̀, ó di 10 sí 5. Nígbà tí ìgbìmọ̀ tuntun jókòó ní oṣù kìíní ọdún 2023, wọ́n ṣẹ́ gègé láti mọ ẹni tó máa lo ọdún 2 àti ẹni tó máa lo ọdún 4, kí sáà wọn má baà parí lẹ́ẹ̀kan náà.

ÌPÍNLẸ̀ MÌÍRÀN

Kansas: ọmọ ìgbìmọ̀ 10, agbègbè sẹ́nétọ̀ 4 ni wọ́n ń so pọ̀ di ọ̀kan.
Colorado: agbègbè 8 ti àwọn aṣòfin Washington ni wọ́n ń lò, gbogbo ìpínlẹ̀ ló ń yan ẹni kẹsàn-án.
Alabama: agbègbè 8, gómìnà ni ààrẹ ìgbìmọ̀.
Louisiana: 8 láti agbègbè, 3 láti ọwọ́ gómìnà.
Michigan: ọmọ ìgbìmọ̀ 8, gbogbo ìpínlẹ̀ ló ń yàn wọ́n, kò sí ààlà kankan láti fà.
Hawaii: lọ́dún 2010, àwọn ará ìlú gbà kí gómìnà máa yàn wọ́n.

FÚN YORÙBÁ TÓ Ń GBÉ NÍ TEXAS

Houston wà lára ìlú tí ọmọ Nàìjíríà pọ̀ sí jù lọ ní Amẹ́ríkà, Yorùbá sì pọ̀ nínú wọn. Nílé, gómìnà ló ń yan ìgbìmọ̀ SUBEB tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ní ìpínlẹ̀, nítorí náà ó lè má wá sọ́kàn ẹni tó dé láti Ìbàdàn tàbí Àkúrẹ́ pé ìwé ìdìbò ní Texas ní àyè fún alákòóso ẹ̀kọ́. Ó ní in, ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà tó forúkọ sílẹ̀ ló sì lè tẹ̀ ẹ́. Àwọn tí kò tíì lè dìbò náà kò ṣófo. Ní Texas, gbogbo ènìyàn ni wọ́n ń kà láti pín agbègbè, tọmọdé tàgbà, àti ẹni tó ní káàdì ìgbélùú nìkan. Lọ́dún 2016, nínú ẹjọ́ Evenwel pẹ̀lú Abbott, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ fọwọ́ sí i pé ìpínlẹ̀ lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdílé tí kò bá kọ orúkọ ọmọ rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù ìkànìyàn ti bu agbára adúgbò rẹ̀ kù fún ọdún mẹ́wàá.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ agbègbè rẹ̀ lè tẹ àdírẹ́sì ilé rẹ̀ sí ojú ewé Who Represents Me ti ilé aṣòfin Texas. Ìkànìyàn máa wáyé lọ́dún 2030, ilé aṣòfin á sì tún ààlà fà lọ́dún 2031. Wọ́n máa ń pe ìpàdé ìtagbangba nígbà náà, ẹnikẹ́ni ló sì lè wá sọ tẹnu rẹ̀. Ọmọ tó bá wà ní kíláàsì àkọ́kọ́ lọ́dún yẹn á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde girama kí wọ́n tó tún un pín. Kí òbí rẹ̀ rí i pé òun wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń fà á.