Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Ètò Linux Nínú Kọ̀ǹpútà Tòkunbọ̀

Kọ̀ǹpútà ní ara, ó sì ní ètò tí ń darí ara náà. Ètò yìí ni ó ń pàṣẹ fún bọ́tìnnì, ojú ẹ̀rọ àti ibi ìpamọ́ pé kí olúkúlùkù ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Nítorí pé Windows ni ó sábà máa ń wà nínú kọ̀ǹpútà tí a ń rà, ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọ̀kan náà ni ara ẹ̀rọ àti ètò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́. A lè yọ ètò kan kúrò kí á sì fi òmíràn dípò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Mówè, Ìbàfọ̀ àti Ìfọ̀ gbọ̀ngbọ̀n, níbi tí kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ti wọ́pọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ àti ní ṣọ́ọ̀bù àwọn atẹ̀wé. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft dẹ́kun ìtọ́jú Windows 10, yàtọ̀ sí àfikún ìgbà díẹ̀ fún ẹni tí ó bá forúkọ sílẹ̀. Windows 11 ń béèrè ẹ̀yà ààbò tí a ń pè ní TPM 2.0 àti ọpọlọ ẹ̀rọ tuntun. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí a ṣe ṣáájú ọdún 2017 kò sì kún ojú ìwọ̀n. Ṣé ààtàn ni kí á wá kó wọn lọ? Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Ní ọdún 1991 ni Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Helsinki ní Finland, kéde Linux. Òun àti iṣẹ́ GNU, tí Richard Stallman ti kéde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1983, ni wọ́n para pọ̀ di odindi ètò. Àdéhùn rẹ̀ gba ẹnikẹ́ni láyè láti lò ó, láti yẹ inú rẹ̀ wò, láti tún un ṣe, àti láti fi fún ẹlòmíràn. Kì í ṣe àjèjì ní Nàìjíríà: ní ọdún 2007, Mandriva, ẹ̀yà Linux kan láti ilẹ̀ Faransé, ni a yàn fún kọ̀ǹpútà 17,000 ti àwọn ilé ẹ̀kọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé awuyewuye bẹ́ sílẹ̀ nígbà tí a gbọ́ pé Windows ni wọn yóò fi rọ́pò rẹ̀.

Ẹni tí ó bá fẹ́ dán an wò yóò gba ẹ̀yà bí Linux Mint láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, yóò sì kọ ọ́ sórí fláàṣì. Yóò tẹ F12, Esc tàbí bọ́tìnnì mìíràn tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń lò, kí kọ̀ǹpútà lè bẹ̀rẹ̀ láti orí fláàṣì náà. Ohun tí ó wà nínú ẹ̀rọ kò ní yí padà títí olúwarẹ̀ yóò fi pàṣẹ pé kí ètò náà wọlé pátápátá. Kí ó tó pàṣẹ bẹ́ẹ̀, kí ó ṣe ẹ̀dà gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ sí ibòmíràn, kí bátìrì sì kún. Bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́, ètò náà lè bàjẹ́.

Ṣùgbọ́n kò sí ohun tí kò ní ìdíwọ́n. LibreOffice ń ṣí ìwé tí a fi Microsoft Word kọ, ṣùgbọ́n ètò ojú ìwé lè yẹ̀ díẹ̀. Atẹ̀wé tí ó gbẹ́kẹ̀ lé CorelDRAW kò gbọdọ̀ kánjú, nítorí pé a kò ṣe é fún Linux mọ́. Ilé ẹ̀kọ́ tí kíkọ àti kíkà jẹ ní tirẹ̀ kò ní ìṣòro tó bẹ́ẹ̀.

Èrè kan sì wà fún olùkọ́ Yorùbá. Nínú àwọn ètò bọ́tìnnì tí ó wà lábẹ́ Nàìjíríà, ti Yorùbá wà níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá mọ̀ ọ́n lò kò ní kọ ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ bákan náà. Nítorí pé àdéhùn náà fàyè gba àtúnṣe, àwọn tí ó mọ èdè lè túmọ̀ ọ̀rọ̀ inú ètò náà sí Yorùbá láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ yìí ń dúró de àwọn tí èdè náà jẹ́ tiwọn.