Omi Abẹ́ Ilẹ̀ Kò Mọ Ààlà

Omi abẹ́ ilẹ̀ kì í ṣe odò tí ń ṣàn nínú ihò ńlá kan bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò, bí kò ṣe omi òjò tí ó rọra wọ inú ilẹ̀ lọ, tí ó sì kún àlàfo kéékèèké tí ó wà láàárín yanrìn tàbí nínú ojú sísán àpáta. Ibi tí omi náà kún dé ni wọ́n ń pè ní ìpele omi. Òun ni ó ń gòkè nígbà òjò, tí ó sì ń lọ sílẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn títí kànga mìíràn fi gbẹ.

Irú ilẹ̀ ni ó ń sọ bí omi yóò ti pọ̀ tó. Orí àpáta líle ni Ìbàdàn wà, ìdí nìyí tí wọ́n fi lè gbẹ́ borehole kan kí omi ya, kí wọ́n sì gbẹ́ òmíràn ní ojúlé kejì kí owó wọgbó. Èkó ní tirẹ̀ wà lórí yanrìn àti amọ̀ tí ó nípọn, omi sì pọ̀ nínú yanrìn náà, àmọ́ òkun àti ọ̀sà kò jìnnà sí i. Omi iyọ̀ wúwo ju omi tí kò níyọ̀ lọ, nítorí náà èyí tí kò níyọ̀ ni ó máa ń wà lókè; ìṣirò àwọn onímọ̀ sì ni pé bí ó bá fi mítà 1 ga ju ojú òkun lọ, yóò jìn tó nǹkan bí mítà 40 sí ìsàlẹ̀ ojú òkun kí iyọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá wá fa ìpele omi wálẹ̀ ní mítà kan péré, kò sí ohun tí ó ní kí omi iyọ̀ má gòkè ní ìlọ́po ogójì rẹ̀ bó pẹ́ bó yá. Ìbẹ̀rù yìí ni ó wà ní Kútọnu, níbi tí àwọn kànga Godomey tí ń bọ́ ìlú náà ti wà nítòsí ọ̀sà Nokoué.

Ìdọ̀tí ni ìṣòro kejì. Ìlànà tí àwọn elétò ìlera ń tẹ̀lé ni pé kí mítà 30 ó kéré tán wà láàárín kànga àti ṣáláńgá, bẹ́ẹ̀ pílọ́ọ̀tì kan tí ó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120 kò ju nǹkan bí mítà 18 sí 37 lọ, ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í sì í ra odindi pílọ́ọ̀tì. Ní ti ẹ̀tọ́ láti fa omi, òfin omi ọdún 1993 ní Nàìjíríà gbé àkóso omi tí ó kan ju ìpínlẹ̀ kan lọ lé ìjọba àpapọ̀ lọ́wọ́, ó sì fún ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀ láyè láti fa omi abẹ́ rẹ̀ fún ìlò ilé. Àyè yìí kò burú fún ilé kan. Ìgbà tí gbogbo àdúgbò bá lò ó pọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì wọn ìpele omi, ni ó di wàhálà.

Kí onílé tó pe agbẹ́kànga, kí ó kọ́kọ́ béèrè ibi tí ṣáláńgá tàbí sókàwéè aládùúgbò rẹ̀ wà, kí ó sì rí i pé wọ́n kọ jíjìn kànga náà àti ìpele omi tí wọ́n bá níbẹ̀ sílẹ̀.