Ta Lò Ń Lò? Bí A Ṣe Ń Yan Oníjà àti Bí A Ṣe Ń Kọ́ Ọ Nínú Géèmù Ìjà

Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan. Tí ẹ bá dé ilé géèmù, tí wọ́n gbé Tekken tàbí Mortal Kombat sí i, oníjà wo lẹ máa ń mú? Ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò ní ìdáhùn gidi. Lónìí a mú ẹni tó ní idà, lọ́la a mú ẹni tí irun rẹ̀ dúró ṣánṣán, lọ́túnla a mú ẹni tí wọ́n fi nà wá lánàá. Lẹ́yìn náà la ó wá máa tẹ gbogbo bọ́tìnnì ara pádì bí ẹni ń gún iyán. Tí wọ́n bá nà wá tán, a ó ní pádì yẹn ti bàjẹ́.

Èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ní ìsinmi tó kọjá, ọmọ JSS 2 kan nà mí lẹ́ẹ̀mẹ́fà léraléra nínú Tekken 7, bẹ́ẹ̀ SS 2 lèmi. Ní ilé géèmù tí à ń lọ, ẹni tí wọ́n bá nà ló ń sanwó. Owó ọkọ̀ mi ló bá a lọ, ẹsẹ̀ ni mo fi rìn délé lọ́jọ́ náà. Kì í ṣe owó yẹn nìkan ló dùn mí. Oníjà kan ṣoṣo ni ọmọ yẹn lò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí. Èmi lo mẹ́fà!

Kí ló dé tó fi jẹ́ ẹyọ kan?

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo. Tekken 8, tó jáde ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú oníjà 32, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ní ọnà ìjà tó lé ní 100. Ta ló fẹ́ kó gbogbo ìyẹn sórí, nígbà tí WAEC ṣì wà níwájú?

Àǹfààní ẹyọ kan ni pé ọwọ́ rẹ á mọ iṣẹ́ náà débi pé o ò ní máa rò ó mọ́. Tí ọwọ́ bá ti mọ iṣẹ́ rẹ̀, ojú á ráyè máa wo ẹni tí ẹ jọ ń jà. Ẹ wo àwọn bàbá tó ń ta ayò. Òpè ló ń fi ìka ka ọmọ ayò. Ọ̀ta ti mọ iye tó wà nínú ihò, ohun tí òpè fẹ́ ṣe ló ń wò. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí níbí. Ẹni tó ṣì ń wá bọ́tìnnì kò lè rí ẹ̀ṣẹ́ tó ń bọ̀.

Báwo la ṣe ń yan án?

Ìwà àwọn oníjà inú géèmù ò dọ́gba, bí ìwà tiwa náà ò ṣe dọ́gba.

Àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn ò lójú pọ̀. Ryu, tó ti wà nínú Street Fighter láti ọdún 1987, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Á ju agbára ọwọ́ rẹ̀ sí ọ láti ọ̀ọ́kán. Tí o bá fò láti yẹ̀ ẹ́, á fi ẹ̀ṣẹ́ tó ń lọ sókè pàdé rẹ lófuurufú. Ẹni tó bá fi Ryu bẹ̀rẹ̀ á mọ ìpìlẹ̀ géèmù náà.

Àwọn kan jẹ́ onísùúrù. Guile, sójà Amẹ́ríkà, kì í sáré. O gbọ́dọ̀ di ẹ̀yìn mú fún ìgbà díẹ̀ kó o tó lè ju tirẹ̀. Tí ara rẹ kì í balẹ̀, má dán an wò.

Àwọn oní-gídígbò náà wà: Zangief ará Rọ́ṣíà nínú Street Fighter, àti King tó ń dé ìbòjú ẹranko tó jọ àmọ̀tẹ́kùn nínú Tekken. Àwọn yìí gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọ kí wọ́n tó lè dì ọ́ mú. Wọ́n á jẹ ìyà díẹ̀ lójú ọ̀nà, àmọ́ tí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ rẹ, ó di wàhálà.

Eddy Gordo ńkọ́? Ta ni ò mọ Eddy! Ọmọ Brazil ni, Tekken 3 ní 1997 ló ti kọ́kọ́ yọjú. Capoeira ló fi ń jà, ìjà oníjó tí àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil dá sílẹ̀ níbẹ̀. Tí o bá kàn ń tẹ bọ́tìnnì ẹsẹ̀ ṣáá, Eddy á máa ta ìpá dáadáa lójú. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra o: ẹni tí kò bá kọ́ ọ gidi, ẹni tó mọ ìgbà tí wọ́n ń dènà á nà án mọ́lẹ̀.

Bi ara rẹ ní nǹkan mẹ́ta. Ṣé mo fẹ́ràn oníjà yìí? Wọ́n á nà ọ́ púpọ̀ pẹ̀lú ẹ̀ kó o tó mọ̀ ọ́n; tí o ò bá fẹ́ràn ẹ̀, wàá já a jù sílẹ̀. Ṣé ìwà ẹ̀ bá tèmi mu? Ṣé ọwọ́ mi lè ṣe iṣẹ́ tó ń ṣe lójoojúmọ́? Kazuya ní ẹ̀ṣẹ́ kan tó ń kọ mànàmáná. Kó tó kọ ọ́, bọ́tìnnì gbọ́dọ̀ bọ́ sí àkókò kan náà gẹ́lẹ́ pẹ̀lú ibi tí o darí ẹ̀ sí. Ó lè gba ẹlòmíì ní oṣù mélòó kan.

Má yan ẹnì kan torí wọ́n ní òun ló lágbára jù. Àwọn tó ṣe géèmù máa ń padà wá tún agbára àwọn oníjà ṣe. Alágbára ti òní lè di ọ̀lẹ lọ́la. Tí o bá sì ti yan ẹnì kan, fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì, ó kéré tán. Yíyan oníjà kì í ṣe ìgbéyàwó, o lè yí i padà, ṣùgbọ́n má yí i torí wọ́n nà ọ́ lẹ́ẹ̀kan.

Báwo la ṣe ń kọ́ ọ?

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Nínú géèmù wọ̀nyí, ibì kan wà tí wọ́n kọ Practice tàbí Training sí. Ẹni tí wàá máa nà níbẹ̀ kàn máa dúró bí ère ni, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ kì í tán. Ọ̀pọ̀ wa kì í débẹ̀ rárá.

Kọ́kọ́ mọ pádì. Ní Tekken lórí PlayStation, onígun mẹ́rin ni ọwọ́ òsì, onígun mẹ́ta ni ọwọ́ ọ̀tún, X ni ẹsẹ̀ òsì, òbìrìkìtì ni ẹsẹ̀ ọ̀tún. Bọ́tìnnì mẹ́rin, ọwọ́ méjì, ẹsẹ̀ méjì. Ìyẹn nìkan ti tó kó o má tẹ̀ wọ́n pọ̀ bí ata mọ́.

Èkejì, mú ọnà ìjà márùn-ún péré: èyí tó yára, èyí tó ń bá ẹsẹ̀ nísàlẹ̀, èyí tó ń gbé èèyàn sókè, èyí tó ń nà jìnnà, àti èyí tí wàá fi fìyà jẹ ẹni tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ dènà ẹ̀ṣẹ́ ẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló ń sọ òpè di ọ̀ta. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Géèmù máa ń ka àwòrán 60 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ní Tekken, ẹ̀ṣẹ́ tó yára jù lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ oníjà ń gba àwòrán 10. Tí ẹnì kan bá ju ìpá ńlá, tí o dènà ẹ̀, tí ara ẹ̀ sì máa pẹ́ ju tìẹ lọ ní àwòrán 13 kó tó lè mira, ẹ̀ṣẹ́ tìẹ ti wọlé. Kò lè rí nǹkan kan ṣe sí i. Kì í ṣe oògùn, ìṣirò ni.

Ẹ̀kẹta, kọ́ kọ́ńbò kúkúrú kan. Ṣe é nígbà mẹ́wàá láìṣì í. Tí o bá ṣì í ní ìgbà kẹjọ, padà sí ìkíní. Lẹ́yìn náà bọ́ sí òdìkejì, torí níbẹ̀ iwájú ti di ẹ̀yìn, ọwọ́ á sì tún ṣàjèjì. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ẹ̀kẹrin, Tekken 7 àti Street Fighter 6 gbà ọ́ láyè láti kọ́ ère yẹn ní ohun tó máa ṣe. Ohun tí wọ́n fi nà ọ́ lánàá gan-an ni kó o kọ́ ọ, kó máa ṣe é sí ọ títí wàá fi mọ ìdáhùn.

Tí ò bá sí PlayStation nílé ńkọ́? Kò sí nílé tèmi náà. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi máa ń dáwó, a ó lọ láàárọ̀ tí èrò ò tíì pọ̀. Òun á dúró bí ère fún ìdajì àkókò náà, èmi náà á ṣe fún un. Mo máa ń kọ nǹkan kan péré sínú jọ́tà mi kí n tó lọ, bíi “lónìí, màá kọ́ bí wọ́n ṣe ń dènà nísàlẹ̀.” Bí wọ́n nà mí, bí mo nà wọ́n, ohun tí mo kọ yẹn ni mo fi ń díwọ̀n ara mi.

Àwọn tó ṣe é ṣáájú wa

Ní ìdíje EVO ní California lọ́dún 2004, Daigo Umehara ará Japan ń fi Ken jà nínú Street Fighter III. Justin Wong ará Amẹ́ríkà ń fi Chun-Li jà. Ẹ̀jẹ̀ Ken ti tán pátá, ó ku ín-ń-tín. Chun-Li wá tú ìpá 15 sí i. Kódà tó bá dènà wọn, ó máa kú, torí dídènà irú ìpá yẹn náà ń jẹ ẹ̀jẹ̀ díẹ̀. Ọ̀nà kan ló kù: kó tẹ iwájú lásìkò tí ìpá kọ̀ọ̀kan bá dé. Daigo ṣe é, gbogbo ẹ̀, ó sì borí. Òun kọ́ ló gba ife ọdún yẹn o, ó ṣe ipò kejì, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń sọ ọ́ títí dòní. Ọwọ́ tí kò bá tíì mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ kò lè ṣe irú ẹ̀.

Ní 2019, Arslan Ash láti Lahore ní Pakistan gba EVO ti Japan, ó tún gba ti Las Vegas, nínú Tekken 7. Ọ̀pọ̀ ló rò pé Kòríà àti Japan nìkan ló ni ín. Àwọn ará ìlú ẹ̀ ló ti ń bá kọ́ra kó tó jáde. Àbí ẹ rí i pé ìlú ẹni kì í dènà?

Ọ̀rọ̀ tó kù

Mo padà lọ bá ọmọ JSS 2 yẹn. Ojú ń tì mí, ṣùgbọ́n mo bi í pé báwo ló ṣe ń nà mí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣubú, ìpá lẹ máa ń fi dìde. Mo kàn máa ń dúró, màá dènà ẹ̀, màá wá gbé yín sókè.” Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ni mo sanwó fún ohun tí ìbéèrè kan ṣoṣo ì bá sọ fún mi lọ́fẹ̀ẹ́!

Nítorí náà, tí wọ́n bá nà ọ́, má sọ pádì mọ́lẹ̀, má sì bá ẹnikẹ́ni jà. Béèrè. Kó o sì ya owó ọkọ̀ sọ́tọ̀ kó o tó wọlé, torí èmi mọ bí ọ̀nà yẹn ṣe jìn tó.

Ó ṣì ń nà mí o. Ṣùgbọ́n kì í tó mẹ́fà mọ́.