Ẹ má tíì ra láptọ́ọ̀pù, ẹ bi mọ́tò yín léèrè ná!

Àwọn onímọ́tò kan ò dúró de mẹkáníìkì mọ́ o, fúnra wọn ni wọ́n ń tún ẹ́ńjìnnì tò. Láptọ́ọ̀pù ni wọ́n ń so mọ́ mọ́tò, tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún bíréènì-bọ́ọ̀sì nípa iye bẹntiróòlù tí ẹ́ńjìnnì yóò mu àti ìgbà tí púlọ́ọ̀gì yóò ṣáná. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ́kọ́ sáré ra láptọ́ọ̀pù ti fi ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ṣíwájú. Sọ́fítíwíà ló yẹ kó ṣáájú.

Kì í ṣe gbogbo sọ́fítíwíà ló gbọ́ èdè gbogbo mọ́tò. VCM Suite tí HP Tuners ń tà bá Chevrolet, Ford àti Dodge mu, orí Windows ló sì ti ń ṣiṣẹ́. TunerStudio ní tiẹ̀, àwọn bíréènì-bọ́ọ̀sì tí wọ́n fi ń pààrọ̀ ti ilé iṣẹ́, bíi MegaSquirt, ló wà fún. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Mac àti Linux.

Láptọ́ọ̀pù náà ò ní láti wọ́n. Àlòkù lè ṣe é, bátìrì rẹ̀ ni kẹ́ ẹ yẹ̀ wò dáadáa. Bí iná bá lọ lára rẹ̀, tàbí tí bátìrì mọ́tò kú, nígbà tẹ́ ẹ ń kọ ètò tuntun sínú bíréènì-bọ́ọ̀sì, àfàìmọ̀ kó má bàjẹ́, kí mọ́tò má sì ṣáná mọ́. Ta ló fẹ́ẹ́ gbọ́kàn lé iná ìjọba lórí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀?

Ẹ tọ́jú ètò àtijọ́ pamọ́ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹ má sì torí àtidín owó epo kù fi ebi pa ẹ́ńjìnnì: bí bẹntiróòlù bá kéré jù, písítìnnì lè yọ́. Owó ẹ́ńjìnnì mìíràn kì í ṣe kékeré.