Bí Kọ̀ǹpútà Ọ́fíìsì Kò Bá Rí Nọ́ńbà Gbà

Bí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì kò bá rí nọ́ńbà gbà, iṣẹ́ a dúró, ẹni tí ó wá gba ìwé ẹ̀rí a sì padà lọ́wọ́ òfo. Ẹ̀rọ tí a ń pè ní router ni ó sábà ń pín nọ́ńbà náà.

Bí nọ́ńbà tí ó hàn bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254, kọ̀ǹpútà náà kò gbúròó router. Òun fúnra rẹ̀ ni ó fún ara rẹ̀ ní nọ́ńbà. Kí akọ̀wé yẹ okùn wò, kí ó pa router, kí ó sì tún un tàn.

Bí ẹ̀rọ méjì bá ń jẹ́ nọ́ńbà kan náà, kí ó wá èyí tí a fi ọwọ́ tẹ tirẹ̀ sí, kí router fún un ní òmíràn.

Bí ó bá ṣì dàrú, bóyá router kejì ń pín tirẹ̀. Ọba kì í pé méjì láàfin.