Tíọ́rì Wo Ló Wà Lọ́wọ́ Físíò?

Ẹni tí ẹ̀yìn ń ro kì í bèèrè tíọ́rì. Ó fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ bà á, kí ìrora náà sì lọ. Ọ̀pọ̀ àwọn físíò pàápàá a máa sọ pé iṣẹ́ ọwọ́ làwọn ń ṣe, kí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n máa bá tíọ́rì wọn lọ. Ṣùgbọ́n kó tó pẹ́, wọ́n á ti sọ fún aláìsàn pé nǹkan kan ti yẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Tíọ́rì nìyẹn. A ò kàn pè é bẹ́ẹ̀ ni.

Àríyànjiyàn lórí tíọ́rì físíò ti pẹ́. Ní 1975, Helen Hislop dábàá ní Amẹ́ríkà pé ẹ̀kọ́ nípa bí àìsàn ṣe ń da ìgbòkègbodò ara rú ni kó jẹ́ ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà. Ogún ọdún lẹ́yìn náà, àwọn kan ní Kánádà gbé tíọ́rì tiwọn jáde, tó wo ìgbòkègbodò láti inú sẹ́ẹ̀lì títí dé àárín àwùjọ. Ẹ jẹ́ ká sòótọ́: iyì wà nínú ohun tí wọ́n ń wá. Iṣẹ́ tó bá ní tíọ́rì tirẹ̀ kò ní máa tẹ̀ lé dókítà kiri bí ọmọ-ọ̀dọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn ni ìtọ́jú Bobath. Berta Bobath, tó ti Jámánì wá sí London, àti ọkọ rẹ̀ Karel, tó jẹ́ dókítà, ló dá a sílẹ̀ lẹ́yìn 1940. Àlàyé wọn ni pé apá òkè ọpọlọ ló ń kó apá ìsàlẹ̀ níjàánu. Tí rọpárọsẹ̀ bá já ìjánu náà, ẹsẹ̀ àti apá á le gbagidi, àfi kí físíò kọ́kọ́ fọwọ́ dẹ̀ ẹ́ kí aláìsàn tó tún ìrìn kọ́. Ìmọ̀ nípa ọpọlọ yí padà, àlàyé náà sì wó. Orúkọ kò wó. Wọ́n wá àlàyé mìíràn, pé ọpọlọ lè tún ara rẹ̀ tò, wọ́n sì tì í sábẹ́ orúkọ àtijọ́, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àti ìwé-ẹ̀rí sì ń bá a lọ.

Àwọn kan ní kí a tún ìtọ́jú tí ìdí rẹ̀ ti wó yẹ̀ wò. Àwọn kejì ní aláìsàn àwọn dìde, kí la tún ń wá? Ohun tí à ń wá ni pé ní oṣù mélòó kan lẹ́yìn rọpárọsẹ̀, ọ̀pọ̀ ló ń rí agbára díẹ̀ gbà padà láìsí ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Ta la fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Nígbà tí wọ́n sì fi Bobath wé àwọn ìtọ́jú mìíràn, kò hàn pé ó ta wọ́n yọ.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ríro tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2015, àwọn olùwádìí ṣàkójọ èsì àwòrán ẹ̀yìn 3,110 ènìyàn tí ẹ̀yìn kò ro. Nínú 100 àwọn ẹni ogún ọdún, 37 ni dísìkì àárín eegun ẹ̀yìn wọn ti ń gbó. Nínú àwọn ẹni ọgọ́rin ọdún, 96. Bí dísìkì tó gbó bá wà lára ẹni tí kò ro, kí ló ń ro ẹni tó ń ro? Àwọn olùwádìí ìrora, Melzack àti Wall, ti sọ láti 1965 pé ẹnu ọ̀nà kan wà ní ọ̀pá ẹ̀yìn, tó lè dín ìrora kù kó tó dé ọpọlọ. Ní 1977, dókítà Engel ní kí ìṣègùn ka ọkàn àti àwùjọ mọ́ ara. Àwọn físíò òde òní ti gba ìyẹn sẹ́nu. Sẹ́nu ni mo wí. Níbi tí èrò ti kún ìta, ọ̀rọ̀ ọkàn àti àwùjọ yẹn a máa di "ẹ má ronú jù, mà."

Ẹ tún wo bí wọ́n ṣe ń wọn ìwòsàn. Ìwé ìbéèrè Roland-Morris ti 1983 lórí ẹ̀yìn ríro, tó ní gbólóhùn 24, ti wà ní èdè Yorùbá báyìí. Wíwọ ìbọ̀sẹ̀ wà nínú èyí tí àwọn tó ṣe é kọ. Ìdọ̀bálẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ọkùnrin tó lè wọ ìbọ̀sẹ̀, tí kò lè dọ̀bálẹ̀ kí àna rẹ̀, ṣé ara rẹ̀ ti yá? Ẹni tó bá dáhùn ti yan tíọ́rì, bó fẹ́ bó kọ̀.

Ní yunifásítì, òfin ni wọ́n fi yanjú ẹ̀: kí akẹ́kọ̀ọ́ fi tíọ́rì kan sí Orí Kejì iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn á fi síbẹ̀ lóòótọ́. Tó bá di Orí Kẹrin, níbi tí èsì wà, ẹ ò ní gbúròó rẹ̀ mọ́, alábòójútó náà kò sì ní bèèrè.