Sísin Ejò Olóró Nínú Ilé ní Bìrìtéènì: Ohun Tí Òfin Béèrè Kí Ìwé Àṣẹ Tó Jáde

Ní Bìrìtéènì, kò sí ẹni tó láṣẹ láti sin sèbé, paramọ́lẹ̀ tàbí ejò olóró mìíràn sínú ilé rẹ̀ láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ káńsù àdúgbò. Òfin tó sọ bẹ́ẹ̀ ni Dangerous Wild Animals Act, tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe ní 1976. Ó múlẹ̀ ní England, Wales àti Scotland. Northern Ireland ní tirẹ̀, tí wọ́n ṣe ní 2004. Kí òfin yìí tó dé, ẹni tó bá ti lówó lọ́wọ́ lè ra ẹranko burúkú bó ṣe wù ú. Ní 1969, ilé ìtajà Harrods ní London ta ọmọ kìnnìún kan fún àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì, wọ́n sì ń sìn ín láàárín ìgboro. Bí irú àṣà yìí ṣe ń gbilẹ̀ ni ọkàn àwọn ará ìlú kò balẹ̀ mọ́, ìyẹn ló sì bí òfin 1976.

Àwọn ẹranko tó kàn

Òfin náà ní àkójọ orúkọ ẹranko tó nílò ìwé àṣẹ. Nínú àwọn afàyàfà, gbogbo ìdílé sèbé wà níbẹ̀, títí kan mamba. Gbogbo ìdílé paramọ́lẹ̀ náà wà níbẹ̀, àti rattlesnake ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó ń mi ìrù rẹ̀ bíi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Boomslang, ejò orí igi ilẹ̀ Áfíríkà tí oró rẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kò gbẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ náà ni Gila monster, alángbá olóró tó ń gbé aṣálẹ̀ Amẹ́ríkà àti Mẹ́síkò. Ọ̀nì kò ní oró, síbẹ̀ wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Òjòlá ni kò sí níbẹ̀.

Bìrìtéènì fúnra rẹ̀ ní ejò olóró ìbílẹ̀ kan ṣoṣo, adder, tó jẹ́ ìbátan paramọ́lẹ̀. Ọdún 1975 ni oró rẹ̀ pa èèyàn níbẹ̀ kẹ́yìn. Síbẹ̀síbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ sìn ín gbọ́dọ̀ gbàṣẹ, torí ìdílé tí ejò ti wá ni òfin ń wò, kì í ṣe iye ẹ̀mí tó ti gbà.

Ohun tí káńsù ń wò

Ojú bọ̀rọ̀ kọ́ ni wọ́n fi ń gba ìwé yìí. Ẹni tó ń tọrọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti pé ọmọ ọdún 18, ilé ẹjọ́ kò sì gbọdọ̀ ti fòfin dè é pé kó má sin ẹranko. Yóò kọ irú ejò tó fẹ́, iye wọn àti ibi tí wọn yóò máa gbé sínú fọ́ọ̀mù, yóò sì san owó tí káńsù bá ní kó san. Káńsù kọ̀ọ̀kan ló ń pinnu iye tirẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni dókítà ẹranko yóò lọ yẹ ilé náà wò, ọrùn ẹni tó ń tọrọ àṣẹ sì ni owó iṣẹ́ rẹ̀ wà. Bí dókítà kò bá tíì débẹ̀ kó sì jábọ̀, káńsù kò gbọdọ̀ buwọ́ lùwé. Ohun àkọ́kọ́ ni bóyá ejò lè sá jáde. Ejò tó tẹ́ẹ́rẹ́ lè gba àlàfo abẹ́ ilẹ̀kùn tàbí ihò tí wáyà iná gbà wọlé, nítorí náà kì í ṣe àpótí ejò nìkan ló yẹ kó dè dáadáa, yàrá tí àpótí wà gan-an kò gbọdọ̀ lójú àlàfo. Dókítà tún ń wo àyè tí ejò ní, ooru, ìmọ́lẹ̀, afẹ́fẹ́, ìmọ́tótó, oúnjẹ àti omi rẹ̀. Ejò kì í mú ara rẹ̀ gbóná fúnra rẹ̀. Bí òtútù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá wọ yàrá rẹ̀, ó lè ṣàìsàn kó sì kú. Wọ́n á tún béèrè ètò tó wà nílẹ̀ bí iná bá sọ nínú ilé, àti bí wọn yóò ṣe dènà àrùn tó ń ràn.

Káńsù fúnra rẹ̀ ló máa pinnu bóyá ẹni náà yẹ, àti bóyá ohun tó fẹ́ ṣe kò ní fi ẹ̀mí aládùúgbò wewu tàbí kó yọ wọ́n lẹ́nu.

Àwọn àdéhùn inú ìwé àṣẹ

Dandan ni kí ẹni tó gbàṣẹ ní ínṣọ́ránsì tí yóò san owó bí ejò bá ṣe ẹlòmíràn ní jàǹbá. Àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé nìkan ló lè tọ́jú ejò náà, ibi tí ìwé dárúkọ nìkan ló sì gbọ́dọ̀ wà. Ní England àti Wales, láti 2010, ọdún méjì ni ìwé náà ń lò kó tó parí. Bí ẹni tó ni ín bá kú, àwọn tó ń bójú tó ogún rẹ̀ ní ọjọ́ 28 lábẹ́ ìwé náà. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n gbọ́dọ̀ ti tọrọ tiwọn bí wọ́n bá ṣì fẹ́ tọ́jú ejò náà.

Ẹni tó bá sin ejò olóró láìgbàṣẹ yóò fojú ba ilé ẹjọ́, yóò sì san owó ìtanràn. Káńsù lè gba ejò náà, kó fún ibòmíràn tàbí kó pa á, láìsan kọ́bọ̀ fún un. Owó tí káńsù bá ná lórí rẹ̀ yóò sì di gbèsè sí i lọ́rùn. Ẹni tí káńsù bá kọ̀ láti fún láṣẹ náà lè gbé ọ̀rọ̀ lọ sílé ẹjọ́.

Bí Florida ṣe ń ṣe tirẹ̀

Ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà tẹnu mọ́ ìrírí ju Bìrìtéènì lọ. Ẹni tó bá ń tọrọ àṣẹ níbẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí hàn pé òun ti fi ó kéré tán ọdún kan àti wákàtí 1,000 ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ejò tó wá láti ìdílé kan náà pẹ̀lú èyí tí òun fẹ́ sìn. Bó bá fẹ́ gbé ejò rìnrìn àjò, yóò dì í sínú àpò aṣọ tó nípọn, yóò so ẹnu àpò náà, yóò sì gbé e sínú àpótí tó tì pa, tí wọ́n kọ ìkìlọ̀ gàdàgbà sí lára pé afàyàfà olóró ló wà nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ oògùn oró

Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ yìí ṣòro jù ni pé oògùn tó ń pa oró ejò kan lè má ran ẹni tí ejò mìíràn bù jẹ lọ́wọ́. Oró ejò kan pàtó ni wọ́n fi ń ṣe é, àwọn ejò tí oró wọn jọra ló sì ń ṣiṣẹ́ fún. EchiTAb-Plus, tí wọ́n ń ṣe ní Costa Rica fún lílò ní Nàìjíríà, ń ṣiṣẹ́ lórí oró ejò mẹ́ta tó ń yọ àwọn ará Nàìjíríà lẹ́nu, àmọ́ kò dájú pé ilé ìwòsàn èyíkéyìí ní London ní in lọ́wọ́. Ẹni tó bá gbé ejò ilẹ̀ òkèèrè wọ ilé, ó ti gbé ìbéèrè tó le ka iwájú dókítà tí wọ́n máa sáré gbé e lọ bá lóru.

Ohun tí òfin 1976 ń bójú tó nìyẹn: ọmọ tó ń gbé yàrá kejì, ayálégbé tó wà lókè, panápaná tó wọlé nígbà tí iná ń jó. Wọn kò yan ejò náà, wọn kò sì gbọdọ̀ jìyà rẹ̀. Nítorí náà, ó tọ́ kí àyẹ̀wò le. Ẹni tó bá ń gbé ní Bìrìtéènì tó sì fẹ́ sin ejò olóró, káńsù ni kó kọ́kọ́ lọ, kó tó ra ejò rárá, torí bí ejò bá ti wọlé kí ìwé tó jáde, ó ti rú òfin.